Wúrà Tó Mọ́ Jù

Nígbà tí wọ́n bí ọkùnrin yìí, wọ́n ní kò ké. Agbẹ̀bí gbá a nídìí, ó wò ó. Ó tún gbá a, ó tún wò ó. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò le. Ó ń dúró kí yàrá dákẹ́ ná kó tó sọ̀rọ̀ ni. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá, ẹ gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá, ẹ yà sọ́wọ́ òsì. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán, ó ṣì ń dúró kí yàrá dákẹ́.

Oníwúrà ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ náà fi ń yínmú sí i ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ bí oyè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi irin ṣe oògùn. Kì í ṣe pé ó ń gún ìṣó nínú odó o. Irin tó wà níhòòhò máa ń ba ara jẹ́. Àwọn bíi tirẹ̀ ló máa ń rán aṣọ fún un: wọ́n á fi èròjà mìíràn yí i ká, ọ̀kan á dì í mú lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, títí irin náà yóò fi di ọmọlúàbí tó lè wọ inú kòkòrò àrùn lọ, kó pa á, kí ara aláìsàn má sì mọ̀ pé àlejò kankan yà. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò ju kéèyàn mọ irú aṣọ tó yẹ irú irin kan lọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo bàbà, wọ́n ń lo síńkì, wọ́n ń lo irin lásán. Oníwúrà kì í bá wọn jókòó.

"Bàbà?" ni yóò wí, tí yóò sì fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fi ẹja tó ti bàjẹ́ lọ̀. "Ohun tí wọ́n ń fà wọ inú ògiri kí iná lè tàn? Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníwáyà."

Wúrà nìkan ló ń fọwọ́ kàn. Ó ní irin tí kì í dípẹtà ni, irin tó mọ iyì ara rẹ̀. Ó yàwòrán rẹ̀ sára pátákó yàrá iṣẹ́ rẹ̀, wúrà láàárín, apá mẹ́rin yí i ká, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ "Ẹ MÁ NÙ Ú" sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ kì í tilẹ̀ sún mọ́ ògiri náà mọ́. Eruku tó wà níbẹ̀ tó gbin ẹ̀fọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí ìgbéraga gbé ọkùnrin yìí fò lójú fèrèsé: ìyàwó rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ìyá Ìbejì ló ń tọ́jú kòkòrò àrùn nínú ilé-iṣẹ́ kan náà, yàrá tirẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀ gan-an. Kò sí oògùn tó ti òkè wá tí kì í kọ́kọ́ kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò da jẹ́lì sínú àwo pẹlẹbẹ, yóò tan kòkòrò sórí jẹ́lì náà bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì, yóò kán oògùn sí i, yóò sì gbé e sínú àpótí tó máa ń móoru. Tó bá di ọjọ́ kejì, bí oògùn náà bá ń ṣiṣẹ́, àyíká ibi tó kán an sí yóò mọ́ roro bí ìgbà tí wọ́n gbá àgbàlá. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kòkòrò yóò bo gbogbo àwo, wọn yóò máa gbádùn ara wọn. Nílé, Oníwúrà ni baálé. Níbi iṣẹ́, abọ́ jẹ́lì ìyàwó rẹ̀ ló ń dájọ́ fún un.

Abọ́ jẹ́lì náà sì ti ń dá a láre láti bí ọdún méjì. Òrùka mímọ́ tí wúrà rẹ̀ ń ṣe yí ibi tí wọ́n kán an sí ká máa ń fẹ̀. Ọjọ́ tó bá fẹ̀ dáadáa, kì í dá lọ wò ó. Yóò kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, yóò na ìka sí àwo.

"Kí lẹ rí?"

"Òrùka, sà."

"Òrùka kọ́. Ilẹ̀ tí ọba kọjá ni."

Ìyá Ìbejì yóò gbé ojú sókè lára ẹ̀rọ tó fi ń wo ohun tíntìntín. "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kí ọba sún díẹ̀. Ó dúró síwájú ìmọ́lẹ̀ mi."

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ń ṣe wúrà rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Wúrà tí wọ́n ń rà wá kì í dá wá. Èròjà kan tó wà nínú iyọ̀ ti dì mọ́ ọn lára, kì í sì í tú. Fàdákà ni wọ́n máa ń pè kó wá là wọ́n. Fàdákà fẹ́ràn èròjà iyọ̀ yẹn bí ẹni tí wọ́n ti fi ṣe àfẹ́sọ́nà fún. Ó á gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun, wọ́n á rì sísàlẹ̀ ìgò. Wúrà á wá dòmìnira, èèyàn á sẹ́ ẹ, á da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù. Gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé fàdákà lè ṣẹ́kù. Nítorí náà, wọ́n máa ń kán omi iyọ̀ díẹ̀ sínú oògùn tí wọ́n ti sẹ́. Bí ó bá funfun bíi wàrà, fàdákà ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn, kí onítọ̀hún padà lọ sẹ́ ẹ.

Ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ń ṣe ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Oníwúrà ṣe ń sọ ọ́.

"Iyọ̀? Èmi? Ṣé ọbẹ̀ ni mò ń sè ni?"

Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń sẹ́ ẹ, pẹ̀lú bébà kan ṣoṣo. Tó bá sẹ́ ẹ tán, ìka rẹ̀ yóò dúdú lọ́jọ́ kejì bí ẹni tó bó kókò, yóò sì na ìka náà sókè níwájú àwọn èèyàn, yóò ní àmì ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Fàdákà ló máa ń kun ìka báyẹn. Wúrà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti kọ́ ọ nílé ìwé, ó ti kọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo ìka ara rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń wo adé, kí lẹ fẹ́ kó rí níbẹ̀?

Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ pè é wọlé. Dókítà àgbà tó ń tọ́jú àwọn tó jóná ní ilé ìwòsàn ńlá ti gbọ́ nípa wúrà rẹ̀. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pa ara àwọn aláìsàn. Yàrá ńlá tuntun tó wà lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tó ní fèrèsé méjì, yóò sì di tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn.

Ẹ ò bá rí i lọ́sẹ̀ yẹn. Ó lọ wo ilẹ̀kùn náà láàárọ̀, ó lọ wò ó lọ́sàn-án. Ó dúró síwájú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ibi tí orúkọ yóò gbà, ó rí i pé ilẹ̀kùn náà kéré. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, láti ìgbà tí agbẹ̀bí ti ń gbá a nídìí, ilẹ̀kùn yẹn ló ti ń wá.

Nítorí pé àlejò pàtàkì ń bọ̀, ó pinnu pé ti ọ̀tẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ́ ju ti ìgbàkígbà lọ. Ìyá Ìbejì kò rí i kó fọ ife omi rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ṣùgbọ́n ó fọ wúrà. Ó sẹ́ ẹ, ó tún un sẹ́. Ó gbé e sínú òkùnkùn kó tòrò. Ó fi ìyẹ̀fun funfun kan dí ẹnu àrọ, ó tún sẹ́ ẹ gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tó jáde ń dán. Ó gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i.

Ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Ìbejì, lo àwo tó tóbi. Òrùka ti ọ̀tẹ̀ yìí kò ní gba inú kékeré."

Lọ́jọ́ kejì, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá Ìbejì ti gbé àwo náà sórí tábìlì, ó sì fi nǹkan bò ó. Oníwúrà ṣí i.

Kòkòrò ti bo àwo náà láti etí dé etí. Kódà, ibi tó kán wúrà sí gan-an, ibẹ̀ ni wọ́n pọ̀ sí jù. Wọ́n ń dán.

"Kí lẹ rí?" Ìyá Ìbejì ló béèrè.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wo bàtà ara wọn.

Oníwúrà lé wọn jáde, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Kí lo fún wọn jẹ?"

"Ohun tí mo máa ń fún wọn jẹ."

"Wọ́n ti jẹun jù. Wò wọ́n! Ojú wọn yó."

"Kòkòrò kò lójú, Bàbá Ìbejì."

"Àpótí rẹ gbóná jù nígbà náà."

"Ó gbóná tó bó ṣe gbóná nígbà tí ẹ̀ ń sọ pé ọba kọjá."

Ó bínú gun òkè lọ. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni yóò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú èèyàn tí à ń sọ. Ó ní ìdọ̀tí ló ṣẹ́kù nínú wúrà náà, ìdọ̀tí ló ń dí i lọ́wọ́. Ó bá tún un fọ̀. Ó tún un sẹ́, ó tún un gbé sínú òkùnkùn, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ bí ẹni tó ń ro oko. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Kòkòrò tún bo àwo. Ó tún lọ fọ̀ ọ́. Bí wúrà náà ṣe ń mọ́ sí i ni kòkòrò ń sanra sí i, àfi bíi pé ó ń fún wọn ní wàrà.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá Ìbejì gun òkè fúnra rẹ̀, èyí tí kì í sábà ṣe nítorí orúnkún rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ̀ ń ṣe sí i nísinsìnyí tí ẹ kì í ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Mò ń fọ̀ ọ́. Ṣé o kò rí i ni?"

"Mo rí i. Kí lẹ̀ ń fọ̀ kúrò lára rẹ̀?"

Ó wo bébà tó fi ń sẹ́ ẹ, ó wo ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì di ilẹ̀kùn mú, ó ṣí i, ó sọ̀kalẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Oníwúrà ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ó wo fèrèsé bóyá ẹnìkan ń wò. Ó wá po omi iyọ̀ bí olè tó ń jí ẹran nínú ìkòkò. Ó bu díẹ̀ nínú oògùn tuntun, ó kán iyọ̀ sí i. Ó mọ́ kedere bí omi òjò. Ó bu díẹ̀ nínú ti tẹ́lẹ̀, èyí tó ti ń ṣe òrùka fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀ fún ọdún méjì, èyí tí ọba inú rẹ̀ ń kọjá. Ó kán iyọ̀ sí i.

Ó funfun bíi wàrà.

Ó jókòó. Ó po fàdákà lásán, láìsí wúrà, láìsí aṣọ kankan tó rán sí i, ó gbé e sọ̀kalẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì kán an sórí jẹ́lì. Lọ́jọ́ kejì, òrùka rẹ̀ wà níbẹ̀, ó fẹ̀, ó mọ́ roro. Ọdún méjì ni wúrà fi jókòó bí ìyàwó ọ̀gá nínú ọkọ̀, tí fàdákà ń ti ọkọ̀ náà lẹ́yìn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nílé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń fọ àwo. Ọjọ́bọ̀ ló kù kó mọ́.

"Ìgò ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ó ṣáà ń pa kòkòrò."

"Fàdákà ló ń pa á."

"Ta ló máa béèrè?"

"Ẹni tó jóná." Kò yíjú. "Fàdákà mélòó ló wà nínú ìgò yẹn, Bàbá Ìbejì? Ẹ sọ fún mi. Òrùka oṣù kan á fẹ̀, ti oṣù kejì á kéré, ẹ ní kòkòrò mi ló ń ṣe ségesège. Bí bébà yín bá ṣe sẹ́ ẹ ni. Ẹ fẹ́ da ohun tẹ́ ẹ kò wọ̀n sára ẹni tí kò láwọ mọ́."

"Ilẹ̀kùn yẹn ń kọ́? Wọn kò tún ní fi irú rẹ̀ lọ̀ mí láéláé."

"Ilẹ̀kùn ni. Ó ṣeé tì."

"Ìwọ ló máa sọ fún wọn, àbí?"

"Èmi? Èmi yóò gbé àwo mi wá, n ó sì jókòó. Ẹ̀yin lẹ ní ẹnu nínú ilé yìí."

Kò sùn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má káàánú rẹ̀. Ó ń ronú irú táì tí yóò wọ̀ náà ni.

Ọjọ́bọ̀ dé. Àwọn àlejò jókòó yí tábìlì gígùn ká. Ọ̀gá àgbà wà lórí ìjókòó, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti na èrè tí kò tíì jẹ. Dókítà àgbà náà jẹ́ ìyá arúgbó kékeré kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Oníwúrà wọlé, ìgò kan nínú àpò ọ̀tún, ìgò kan nínú àpò òsì. Ìyá Ìbejì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwo rẹ̀ lórí itan.

Ọkùnrin náà dúró kí yàrá dákẹ́. Yàrá dákẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó mú un láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí wúrà ṣì wà nínú ilẹ̀ tí kò tíì rójú ẹnìkankan. Ó mú un gba ọrùn àwọn ọba, ó mú un gba eyín àwọn olówó, ó wá mú un dé ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì dúró pẹ́ níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa apá mẹ́rin àti aṣọ rírán. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú àpò òsì, níbi tí ìgò ti tẹ́lẹ̀ wà. Ọ̀gá àgbà ti ń mi orí. Ọ̀kan lára àwọn àlejò ti ń sùn, èyí tó fi hàn pé nǹkan ń lọ dáadáa.

Ìyá arúgbó náà gbé ìka kan sókè.

"Dókítà, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ọmọ kan wà ní wọ́ọ̀dù mi láàárọ̀ yìí. Omi gbígbóná ló dà sí i láyà. Wúrà yé mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀: bí mo bá kúrò níbí, kí ni kí n fi pa ọmọ náà lára?"

Oníwúrà wo ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà ń fi ojú ti ìgò náà jáde nínú àpò. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyá Ìbejì ń wo èékánná ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn.

Ó fa ọwọ́ yọ nínú àpò. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ẹ má fi nǹkan kan tó ti ọ̀dọ̀ mi wá pa á o, mà."

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ tí kò ju èémí kan lọ yẹn, ó fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní ìwádìí òun ti jinlẹ̀ débi pé òun ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ó ní ìmọ́tótó tí kò láfiwé ló tú àṣírí náà. Ó ní fàdákà yọ́ wọlé ni, bí ẹni pé fàdákà fo ògiri lóru, bí ẹni pé kì í ṣe òun fọwọ́ ara rẹ̀ dà á sínú ìgò.

"Fàdákà ni," ni ìyá arúgbó náà wí níkẹyìn.

"Fàdákà ni, mà."

"Dókítà, kí wọ́n tó bí yín la ti ń fi fàdákà tọ́jú egbò iná. Ó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù mi."

"Mo mọ̀, mà."

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́." Ó dìde, ó tún bàtà ṣe. "Ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Mo ní ọmọ tí mo fẹ́ padà lọ wò."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì fi ikọ́ bò ó. Ọ̀gá àgbà bá àwọn àlejò jáde láìbojú wẹ̀yìn. Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti kó àwọn àga tó ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ sínú yàrá olófèrèsé méjì náà, wọ́n sì lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: ÀGA. Ọ̀rọ̀ náà gba ibẹ̀ dáadáa, kò tilẹ̀ kéré rárá.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì ti wà nídìí ọkọ̀ níta, ó ti jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó. Oníwúrà rọra wá, kóòtù funfun rẹ̀ lápá, táì rẹ̀ nínú àpò. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò wọlé.

"Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ẹnì kan ló rẹ́rìn-ín."

"Ó rín in bí èèyàn mẹ́wàá." Ó wo òkè ilé-iṣẹ́ náà. Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé ohun tí mo ṣe yẹn dára?"

"Ó dára," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó gùn, ṣùgbọ́n ó dára."

Ìyẹn nìkan ló fẹ́ gbọ́. Àyà rẹ̀ yọ síwájú díẹ̀, ọrùn rẹ̀ nà, ó sì gbé ọwọ́ kan lé orí ọkọ̀ náà bí ẹni tó fẹ́ bá àpéjọ sọ̀rọ̀. "Tó o bá wò ó dáadáa, wúrà gan-an ni kò tó mi í lò. Mo ti ń ronú nípa pùlátínọ́ọ̀mù. Irin gidi nìyẹn. Àwọn èèyàn kò tíì—"

Ìyá Ìbejì tan ọkọ̀.

"Bàbá Ìbejì," ló wí, "ẹ wọlé, àwọn ọmọ kò tíì jẹun."